Vom, Rayfield, àti Ọkàn Àwọn Tó Ń Tọ́jú Ẹran

Bí a bá ní ká sọ ìtàn Rayfield, ọ̀rọ̀ kùsà ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Orúkọ ilé-iṣẹ́ awakùsà kan ni àdúgbò wa ń jẹ́ títí dòní. Àwọn adágún omi tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí wọ́n ń wa kùsà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì máa ń lọ ya fọ́tò létí wọn lọ́jọ́ ọdún. Àwọn bàbá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin wá sí Jos tẹ̀lé ojú irin, owó kùsà ló jẹ́ kí ọjà wọn tà. Gbogbo ìyẹn la mọ̀. Ìtàn mìíràn wà tí a kì í sábà sọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó kan àwọn tí a jọ ń jókòó lórí àga kan náà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìtàn àwọn tó ń tọ́jú ẹran ni. Ẹni tó bá gba Rayfield kọjá sí Bùkúrù, tí kò sì dúró, yóò dé Vom. Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn màlúù kọ́ ló gbé mi débí o. Ẹni tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ni mo ń ronú nípa rẹ̀: ẹni tó tọ́jú ẹran tán tí ẹran náà kú, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó pa ẹran tó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́, tó sì ní láti délé lálẹ́, kó jẹun, kó bá ọmọ ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, kó sùn. Ta ló ń béèrè lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé báwo ni ọkàn rẹ?

Ọdún 1914 ni ìjọba òyìnbó dá ẹ̀ka ìtọ́jú ẹran sílẹ̀ fún Nàìjíríà, ní Zungeru. Ohun tó lé wọn sí i ni àrùn màlúù kan tí wọ́n ń pè ní rinderpest. Nígbà tó di 1924, wọ́n gbé ilé àyẹ̀wò kan kalẹ̀ ní Vom, nítorí pé òkè Plateau tutù, ó sì sún mọ́ ibi tí àwọn Fúlàní ń da màlúù sí. Ilé àyẹ̀wò yẹn ló di National Veterinary Research Institute tí a mọ̀ lónìí, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ kàn ń pè ní "Vet". Nǹkan kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa Vom. Ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì wà níbẹ̀ fún ara ènìyàn, ilé àyẹ̀wò ìjọba wà níbẹ̀ fún ara màlúù, ìlú kékeré kan náà. Ibi tí a ti ń tọ́jú ọkàn òṣìṣẹ́ ni kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí rinderpest jẹ́, torí àwọn ọ̀dọ́ wa ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ibà ni yóò kọ́kọ́ dé sí màlúù, egbò yóò sọ sí i lẹ́nu, omi yóò máa jáde lójú àti nímú rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru yóò tẹ̀lé e, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó ti kú. Ní 1887 ni àrùn yìí wọ Ìlà Oòrùn Áfíríkà, lápá ibi tí a ń pè ní Eritrea lónìí, pẹ̀lú màlúù tí àwọn ará Ítálì kó wá. Láàárín ọdún mélòó kan ó ti gba gbogbo ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn, kò sì pẹ́ tó fi dé ìsàlẹ̀ gúúsù pátápátá. Ibi tó gbà kọjá, nínú màlúù mẹ́wàá, ó lè pa mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án.

Ìwé kan wà tí F. W. de St. Croix kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó ní 1945, nípa àwọn Fúlàní ilẹ̀ Hausa. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìtọ́jú ẹran ni St. Croix. Ó bá àwọn àgbà Fúlàní sọ̀rọ̀ nípa ọdún àjàkálẹ̀ yẹn, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí màlúù tán, orí àwọn darandaran kan dàrú. Àwọn kan ń rìn kiri nínú igbó, wọ́n ń pe màlúù tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ló gbẹ̀mí ara wọn. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkùnrin kan dúró nínú igbó, ó ń pe orúkọ màlúù tó ti kú, ó ń fi ohùn tó máa fi ń pè wọ́n láàárọ̀ pè wọ́n. Kì í ṣe owó nìkan lọkùnrin yẹn ń wá. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn wà lára ohun tó ṣe pàtàkì jù tí ẹnikẹ́ni kọ ní orílẹ̀-èdè yìí nípa ìbànújẹ́ tí ikú ẹran lè dá sí ọkàn ènìyàn, dókítà ọpọlọ kò sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ ló kọ ọ́.

Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ Vom jẹ́ nígbà náà. Láti dá màlúù ẹgbẹ̀rún kan sí, ẹ ní láti kó àrùn ran màlúù mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ti ṣàìsàn náà tó sì yè ni wọ́n ń lò. Wọ́n á tún kó àrùn ràn án kí agbára inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀ sí i, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbé e lọ sí abúlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ inú àti kókó ara ẹran tí àrùn náà ń pa lọ, wọ́n á fi oògùn sí i, wọ́n á sọ ọ́ di abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn èyí ni ewúrẹ́ àti ehoro wọ̀ ọ́. Nítorí náà, nínú ọgbà kan náà, òṣìṣẹ́ kan ń ja koríko fún màlúù láàárọ̀, ó ń fọwọ́ pa á lára kó lè dúró jẹ́ẹ́, ó sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa kó àrùn ràn án, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa pa á. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láìsí iṣẹ́ yẹn, ebi ì bá ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń bọ́ ẹran ni ọwọ́ tó ń mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń pa á, ọkàn sì máa ń rí ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Àgbà kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà sọ fún mi pé nígbà tí òun wà níbẹ̀, wọ́n kì í sọ ọ́. Wọ́n á fi ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n á lọ mu burúkùtù ní Bùkúrù. Ó ní àwọn kan ò jẹ ẹran màlúù mọ́ títí wọ́n fi kú, tí ìyàwó wọn ò sì mọ ìdí. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Àwọn baba ńlá wa kò ka irú nǹkan báyìí sí kékeré o. Yorùbá tó ń pa ẹran fún oúnjẹ, ọdẹ ni, ọdẹ kì í sì í pa ẹran kó kàn lọ sùn. Ìjálá tí a gbà gẹ́gẹ́ bí orin ọdẹ, ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oríkì ẹranko ni: oríkì erin, oríkì ẹfọ̀n, oríkì ẹkùn, oríkì ìgalà, títí kan ọ̀bọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ṣe ìwádìí ìjálá jinlẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1966, ẹni tó bá sì wo ohun tó kó jọ síbẹ̀ yóò rí i pé ọdẹ mọ ìrìn ẹran, ó mọ ìwà rẹ̀, ó mọ ẹwà rẹ̀, ó sì ń yìn ín níwájú àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹranko ńlá kan wà tí ọdẹ tó bá pa wọ́n ní ètùtù tó ní láti ṣe kó tó padà sáàárín ìlú. Bí ọdẹ fúnra rẹ̀ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣe ìṣípà fún un, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé. Mi ò sọ pé kí á padà sínú ètùtù, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ gba ẹ̀mí ẹran nílò ibi tí yóò ti sọ ọ́, nílò àwọn tí yóò gbọ́ ọ, nílò àkókò kó tó padà bá ìyàwó àti ọmọ ṣeré. Nígbà tí iṣẹ́ ẹran di iṣẹ́ olówó oṣù, a mú owó oṣù, a sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ sínú igbó.

Ní àwọn ọdún tí Vom ń ṣe abẹ́rẹ́ yẹn náà ni nǹkan ńlá kan ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tí ì bá ti wúlò fún wọn. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ìjọba ń kọ́ kò tíì parí. Lambo kò dúró dè é. Ó bá àwọn abúlé tó wà ní àyíká sọ̀rọ̀, àwọn ará abúlé gba aláìsàn sílé, aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì mú ìbátan kan dání tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Láàárọ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lọ́sàn-án, ó ti padà sáàárín ènìyàn, ó ń roko, ó ń gbọ́ àlọ́. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láyè pẹ̀lú. Gbogbo ayé wá wo ohun tó ṣe. Ó di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ tó fi lélẹ̀ rọrùn: ìwòsàn ọkàn kò gbọ́dọ̀ ya ènìyàn nípa kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Láti Aro dé Vom kì í ṣe ọ̀nà àjò ọ̀run. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ronú pé darandaran tó ń pe màlúù nínú igbó àti òṣìṣẹ́ tí kò lè jẹ ẹran mọ́ lè wà lára àwọn tí ìwòsàn yẹn wà fún. Wèrè tó ń já aṣọ lọ́jà nìkan ni a kà sí aláìsàn ọkàn. Èyí tó ń lọ síbi iṣẹ́ déédéé, tó ń san ìdá mẹ́wàá, ara rẹ̀ le nìyẹn lójú wa.

Àwọn òyìnbó náà pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé lè ti ka ìwé James Herriot, dókítà ẹran ní Yorkshire tó kọ ìtàn alárinrin nípa màlúù àti ajá. Alf Wight ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rín ló kún inú àwọn ìwé yẹn. Nígbà tó kú ní 1995, ọmọ rẹ̀ tóun náà jẹ́ dókítà ẹran kọ ìtàn ayé rẹ̀, ibẹ̀ la sì ti mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le mú un ní nǹkan bí 1960, tó gba ìtọ́jú fún un, kó tó kọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà. Ní 1987, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Bernard Rollin, kọ̀wé nípa ìnira tó ń bá àwọn tí iṣẹ́ wọn ń ní kí wọ́n pa ẹran tó lè yè, torí kò sí olówó tàbí kò sí àyè. Ó ní ìnira yìí yàtọ̀ sí àárẹ̀ iṣẹ́ lásán. Ẹni tó wọ iṣẹ́ nítorí ìfẹ́ ẹran ni a ń ní kó máa pa ẹran, ìsinmi kò sì lè wo ìyẹn sàn. Láti 1992 ni àwọn nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà ti ń lo orúkọ kan fún irú àárẹ̀ tó ń mú olùtọ́jú, nígbà tí àánú bá ti tán nínú ènìyàn bí omi ṣe ń tán nínú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ náà kọjá sọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran láìpẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bìrìtìkó ní 2001 ló yẹ ká dúró lé. Àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu wọ àárín màlúù àti àgùntàn wọn. Ìjọba ní kí wọ́n pa gbogbo ẹran tó bá wà nítòsí ibi tí àrùn náà wà, yálà ara wọn yá tàbí kò yá. Ó lé ní mílíọ̀nù 6 ẹran tí wọ́n pa láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n ń sun wọ́n nínú oko, èéfín wọn gba ojú ọ̀run. Cumbria ló gbóná jù. Lẹ́yìn náà ni Maggie Mort àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lancaster lọ bá ènìyàn 54 níbẹ̀, wọ́n ní kí oníkálukú máa kọ ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀. Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan. Dókítà ẹran wà nínú wọn, awakọ̀ tó kó òkú ẹran wà níbẹ̀, àwọn tó pa ẹran wà níbẹ̀, olùṣọ́ àgùntàn ìjọ pàápàá. Ìwé 3,200 ni wọ́n kó jọ. Ohun tó jáde nínú rẹ̀, nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 2005, ni pé ìbànújẹ́ náà kọjá àwọn tó ni ẹran. Àwọn ènìyàn ń rí ohun tí wọ́n rí lẹ́ẹ̀kan sí i lójú oorun, òórùn kan ń dá wọn padà sí ọjọ́ yẹn, wọn ò gba ìjọba gbọ́ mọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò lọ rí dókítà kankan. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tó wà níbẹ̀, tó mọ̀, tí wọ́n á jọ sọ ọ́. Ìwé kíkọ yẹn gan-an ran àwọn kan lọ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, rinderpest tí a rò pé ó ti lọ padà wọ Nàìjíríà, ó sì pa ju ìdajì mílíọ̀nù màlúù lọ ní nǹkan bí 1983. Ẹni tó bá ti dàgbà nígbà yẹn lè rántí bí ẹran ṣe wọ́n l'ọ́jà. Lẹ́yìn náà, ní January 2006, adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní oko ńlá kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna. Vom ni wọ́n gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ wá. Wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀ sí Padova ní Ítálì, èsì padà wá pé àrùn lukuluku adìyẹ, H5N1, ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí i ní Áfíríkà nìyẹn. Adìyẹ 46,000 ló wà lóko náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti wọ Kano, ó ti wọ Plateau wa níbí, nígbà tó yá ó dé Èkó. Ní January 2007, ọ̀dọ́mọbìnrin kan kú nípa rẹ̀ ní Èkó.

Àwọn tó ń sin adìyẹ nínú ìjọ wa rántí ₦250. Iye tí ìjọba ní òun máa san lórí adìyẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa nìyẹn. A jiyàn lórí owó yẹn títí: ṣé ó tó, ta ló gbà á, ta ni kò rí i gbà. Èmi náà wà nínú iyàn yẹn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọkùnrin tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n fi nǹkan bo imú, tí wọ́n wọlé adìyẹ láàárọ̀ tí wọn ò jáde títí ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń mú adìyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kó wọn sínú àpò, tí wọ́n ń da ẹfun bò wọ́n nínú kòtò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ilé ìwé àwọn olùtọ́jú ẹran ní Vom ni àwọn kan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe bọ́ aṣọ náà kí àrùn má bàa tẹ̀lé wọn délé. Ìyẹn dára. Ìbéèrè mi ni pé kí ló tún lè tẹ̀lé ènìyàn délé tí aṣọ bíbọ́ kò lè bọ́?

Ìyá kan tó ní oko adìyẹ kékeré lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí wọ́n kó gbogbo adìyẹ rẹ̀ sínú kòtò lọ́jọ́ kan, sọ fún àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ṣì ń jí láago márùn-ún ìdájí láti lọ fún wọn lómi. Wọ́n ní kó dúpẹ́ pé kì í ṣe ọmọ ló kú. Òtítọ́ ni, kì í ṣe ọmọ ló kú. Mo ti gbọ́ irú ìtùnú yẹn tó pọ̀ láàárín wa, mo sì rò pé ẹnu ló máa ń pa ènìyàn mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ tinú rẹ̀ mọ́. A mọ bí a ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo nǹkan: ẹ kú ìrìnàjò, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ewu ọmọ. Kí ni a ń kí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ẹran 2,000 lọ́jọ́ kan? Ẹ kú iṣẹ́? Kò tó.

Nínú December 2015, ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu ọ̀nà wa gan-an. Kìnnìún kan wà ní Jos Wildlife Park, ọgbà ẹranko tí ìjọba Benue-Plateau dá sílẹ̀ ní 1972, tí gbogbo wa ti kó ọmọ lọ. Leo ni wọ́n ń pe kìnnìún náà. Ó jáde kúrò nínú ilé onírin rẹ̀, ẹ̀rù ba gbogbo ìlú, àwọn agbófinró sì yìnbọn pa á. Wọn ò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, kìnnìún kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ láàárín ìlú. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, a ya fọ́tò, àwọn kan fi ṣe àwàdà lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń bọ́ ọ padà síbi iṣẹ́, ilé onírin náà ṣófo. Ẹnikẹ́ni tó ti sin ajá rí mọ bí ìyẹn ṣe rí. Lẹ́yìn náà, ní February 2024, kìnnìún pa òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, ọkùnrin tó ti ń bọ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn sínú ọgbà ilé ìwé náà ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Wọ́n pa kìnnìún náà. A ṣọ̀fọ̀ ọkùnrin náà bó ṣe yẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà níbẹ̀, tí ìyókù ẹranko ṣì ń dúró dè fún oúnjẹ lọ́jọ́ kejì, àwọn ni mo ń rò.

Bí ẹ bá sì ń rò pé mo ń sọ àsọdùn, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2019, wọ́n tẹ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí ikú àwọn dókítà ẹran láti 1979 sí 2015. Àwọn dókítà ẹran obìnrin tó gbẹ̀mí ara wọn fi ìlọ́po 3.5 ju iye tí à ń retí láàárín àwọn ènìyàn yòókù lọ; ti ọkùnrin jẹ́ ìlọ́po 2.1. Ó ti tó ọdún márùn-ún ṣáájú ìyẹn, ní 2014, tí ikú dókítà ẹran kan tó lókìkí mú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Not One More Vet sílẹ̀ lórí Facebook, ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lóru. Ní Bìrìtìkó, Vetlife ní nọ́ńbà tí dókítà ẹran tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè pè ní wákàtí yòówù. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n dá a sílẹ̀ fúnra wọn. Wọn ò dúró de ìjọba.

Níbí, òfin ló kọ́kọ́ di ẹnu wa. Fún ọdún pípẹ́, ìwé òfin Nàìjíríà ka ẹni tó gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀ tí kò kú sí ọ̀daràn, ó lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ta ló máa jẹ́wọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó lè pe ọlọ́pàá? Ní January 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ tí òyìnbó fi sílẹ̀. Ó jẹ́ ìgbésẹ̀ ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò lè jókòó ti ènìyàn.

Àwọn kan nínú wa ò mọ ohun tí ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́, wọ́n rò pé wọ́n máa ń fi ẹ̀wọ̀n de ènìyàn ni. Èyí ni bó ṣe rí. Ìwọ àti ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà á jókòó, nǹkan bí wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wàá sọ̀rọ̀. Kò ní wàásù fún ọ, kò ní sọ fún aládùúgbò rẹ. Á ràn ọ́ lọ́wọ́ láti ya ẹ̀bi sọ́tọ̀ kúrò lára ìbànújẹ́, nítorí olùtọ́jú ẹran sábà máa ń dà wọ́n pọ̀: ó ń bínú sí ara rẹ̀ fún ohun tí àrùn ṣe. Á kọ́ ọ ní bí wàá ṣe máa sùn, bí wàá ṣe ṣe é nígbà tí òórùn tàbí ariwo kan bá dá ọ padà síbi kòtò. Bí ó bá rí i pé oògùn ni ó yẹ, á rán ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ti ẹgbẹ́ tún wà, ó sì lè bá wa mu jù: lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹran púpọ̀, kí gbogbo àwọn tó lọ jókòó pọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé, kí oníkálukú sọ ohun tó rí, kí ọ̀gá náà sọ tirẹ̀. Kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ara wọn, kó má jẹ́ pé ọmọkùnrin kan náà ló ń mú abẹ́rẹ́ ikú lọ́wọ́ nígbà gbogbo, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Pásítọ̀ kan sọ fún mi pé ẹ̀mí ẹran kò kan ìjọ. Mo ní kó ka ìparí ìwé Jónà wò, kó wo ohun tí Ọlọ́run dárúkọ gbẹ̀yìn nígbà tó ń ṣàlàyé ìdí tí òun fi ṣàánú Nínéfè. Kó sì tún wo Òwe orí 12, ẹsẹ 10. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á wò ó.

Ọdún 2011 ni wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé rinderpest ti tán pátápátá, àrùn ẹran àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa pa run, ẹ̀ẹ̀kejì lẹ́yìn ìgbóná láàárín gbogbo àrùn. Wọ́n ṣe àjọyọ̀ rẹ̀ ní Róòmù. Àwọn dókítà ló gba ìyìn, ó sì tọ́ sí wọn. Mo ń wo àwọn àgbà tó wà ní Vom, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sí Bùkúrù àti Rayfield níbí, tí wọ́n ń jókòó lẹ́yìn nínú ìjọ torí eékún ń dùn wọ́n. Wọ́n wà nínú iṣẹ́ yẹn láti ìgbà èwe wọn, kò sì sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wọn rí bí ó ṣe rí.

Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn JUTH, ẹnikẹ́ni ló lè lọ síbẹ̀, kò dìgbà tó bá já aṣọ. Fún àwọn àgbà yẹn, yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa ṣófo lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Àga mẹ́jọ wà níbẹ̀.